Ojú Ẹfúnṣetán Ni Kí Kámẹ́rà Wò

Ní kíláàsì wa, bí olùkọ́ obìnrin kan bá le díẹ̀, Ẹfúnṣetán ni àwọn ọmọkùnrin máa ń pè é lẹ́yìn. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Ṣùgbọ́n òǹrorò lásán kọ́ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ sínú eré rẹ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó jáde ní 1970. Obìnrin tó ń gbẹ̀san ni. Eré náà ti di fíìmù rí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá. Ẹni tó bá tún fẹ́ yà á lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: ta ni Ìyálóde ń gbẹ̀san lára rẹ̀?

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Kò sí bí ó ṣe lè mú Elédùmarè, nítorí náà àwọn ẹrú ló mú. Ó ṣòfin pé ẹrúbìnrin rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Nígbà tí Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, ó ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ìtáwuyì náà fẹ́ pa Ìyálóde, òun ló kú. Lẹ́yìn náà ni Látòósà kó àwọn ìjòyè Ìbàdàn dìde sí i.

Lórí ìtàgé, ẹnu nìkan la fi ń gbọ́ ikú ọmọ yẹn. Òṣèré sì ní láti pariwo kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ariwo Ẹfúnṣetán ni gbogbo ènìyàn rántí. Kámẹ́rà kò nílò ariwo. Ó lè fi ọ̀já kan hàn wá nínú àpótí rẹ̀, tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò fi pọn ọmọ rí.

Ní Sùúrùlérè níbí, a máa ń bá àwọn tó ń ya fíìmù pàdé lójú pópó, mo sì mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ tó. Ọrùn Adétutù ni wọn yóò fẹ́ fi hàn. Kí wọ́n fi ọrùn sílẹ̀, kí wọ́n wo ojú Ẹfúnṣetán. Mo rò pé ikùn Adétutù ni yóò máa wò, nítorí irú ikùn bẹ́ẹ̀ ló gbé ọmọ tirẹ̀ lọ.

Nínú fíìmù Hamlet tí Laurence Olivier ṣe ní 1948, a ń gbọ́ èrò ọkàn ọmọ ọba náà nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ètè rẹ̀ mì. Ọgbọ́n yẹn dára fún ìbànújẹ́ Ìyálóde. Kò dára fún ọfọ̀ o! Ọfọ̀ tí a kò fi ẹnu pè, kí ló lè ṣe? Ibi tí ọfọ̀ bá wà, kí òṣèré lanu.

Ti ìparí ló le jù. Nínú eré, májèlé ni Ẹfúnṣetán mu. Ṣùgbọ́n Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìtàn Yorùbá pé Látòósà yọ ọ́ lóyè ní 1874, pé àwọn ẹrú rẹ̀ ló sì pa á lóru, tí ọmọ tó gbà tọ́ sì lọ́wọ́ sí i. Ó tún kọ ọ́ pé lára ẹ̀sùn tí Ààrẹ kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ẹ̀sùn yìí yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀rọ̀ Adétutù.

Èmi yóò fi májèlé sílẹ̀ bí Ìṣọ̀lá ṣe kọ ọ́, nítorí ẹni tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni darí òun kò ní jẹ́ kí wọ́n darí ikú òun. Ṣùgbọ́n èmi yóò fi ẹ̀sùn ogun yẹn kún un ṣáájú, kí a gbọ́ ọ lẹ́nu Látòósà fúnra rẹ̀, nínú ilé, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn tí Ẹfúnṣetán bá kú, kí kámẹ́rà padà sọ́dọ̀ Ààrẹ, kó sì dúró lójú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kí a fi ojú ara wa rí i bóyá nítorí Adétutù ni inú rẹ̀ fi dùn.