“Là” tàbí “Gbà”: Lámèyítọ́ Àwòrán Bọ́ọ̀lù àti Ògiri

Nígbà tí wọ́n fún John Clarke, Michel Devoret àti John Martinis ní ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2025, bọ́ọ̀lù àti ògiri ni ìgbìmọ̀ náà fi ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún aráyé: bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù lu ògiri, tí kò ta padà, ṣùgbọ́n tí ó bọ́ sí òdìkejì. Àwòrán náà yéni. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fi àyè sílẹ̀ fún ooru, bẹ́ẹ̀ ooru gan-an ni ẹ̀rí iṣẹ́ náà dúró lé.

Ní Berkeley, ní ọdún 1984 àti 1985, wọ́n ń mú sákíìtì kan tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ láìsí ìdènà tutù díẹ̀díẹ̀. Ògiri ibẹ̀ kì í ṣe ti amọ̀: agbára tí sákíìtì náà gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè jáde kúrò ní ipò tí kò ní fólítéèjì ni. Bí ó ti ń tutù sí i ni ìjáde rẹ̀ ń ṣọ̀wọ́n sí i, nítorí ooru tí í mú un fo ògiri ń dín kù. Nígbà tí òtútù kọjá ààlà kan, ìjáde náà kò dín kù mọ́, bí ó ti wù kí wọ́n tún mú un tutù tó. Fún sákíìtì tí ó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ààlà yìí wà ní nǹkan bí 0.04 Kelvin.

“Fo ògiri kọjá” bá iṣẹ́ ooru mu régí. Fún ọ̀nà kejì, “la ògiri kọjá” ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, ó sì ń ṣini lọ́nà. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó la igbó kọjá kò pa igbó lára. Ṣùgbọ́n níwájú ohun líle, ìtumọ̀ “pín sí méjì” ni “là” ń gbé jáde. (Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jẹ̀bi: ihò tí ènìyàn gbẹ́ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń sọ.) “Gba inú ògiri kọjá” sàn jù, nítorí ọ̀nà nìkan ni “gbà” ń tọ́ka sí nínú asínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yìí.

Èyí tí ó léwu jù ni “jẹ́ kí”, tí ó lè jẹ́ ìyọ̀ǹda, tí ó sì lè jẹ́ okùnfà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé “òtútù ni ó jẹ́ kí ó gba inú ògiri kọjá” yóò gbà pé òtútù ni okùnfà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sákíìtì náà ń gba inú ògiri kọjá nígbà tí ó gbóná pẹ̀lú, àmọ́ fífò pọ̀ débi pé ó bo èyí mọ́lẹ̀. Gbólóhùn tí ó tọ́ ni “òtútù ni ó jẹ́ kí wọ́n rí i.”