Aláǹtakùn Lápá Sójà

Mo máa ń kan sáárá sí ẹni tó lè wo àmì ara aṣọ sójà àtijọ́, kó sì sọ ibi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ti jagun. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹ wo àwọn ọmọ wa tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Aláǹtakùn dúdú lórí yẹ́lò ni àmì Dífíṣọ̀n 81 ti àwọn sójà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Ananse inú àlọ́ àwọn Àṣáńtì ni, alárékérekè bíi Ìjàpá tiwa. Ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká alárùú kọjá ni ti Dífíṣọ̀n 82. Òṣùká yẹn wù mí púpọ̀: ẹni tó yà á kò gbàgbé àwọn tó fi orí ru ọta àti oúnjẹ nínú igbó. Amẹ́ríkà náà ní 82 tiwọn, àmọ́ lẹ́tà A méjì ló wà lápá wọn.

Mẹ́dàlì náà ń fẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ní Èjìgbò, níbi tí Àbíjàn, ìlú tó ti wà lábẹ́ Faransé rí, ti di ilé kejì fún ọ̀pọ̀ ìdílé, mẹ́dàlì inú àpótí bàbá àgbà lè ti ibi púpọ̀ wá. Bí ẹ bá rí République Française lára rẹ̀, ti Faransé ni. Bó bá jẹ́ ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, tí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa láàárín, tó ní búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí ìlà aláwọ̀ ọsàn sì la búlúù náà já, ti Bọ́mà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú bó o. Fífọ̀ ló ń pa lẹ́tà ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú ìwé báyìí, nígbà tí àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.