Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì àti Ìgbọ́ràn nínú Fíìmù Ṣaworoidẹ

Nígbà tí a bá ń ṣe àríwísí fíìmù Yorùbá, aṣọ, ijó àti idán ni a sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn kì í sábà gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ. Irú àìkàsí bẹ́ẹ̀ kò yẹ Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Èrò wa ni pé kì í ṣe òwe nìkan ni ó mú ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì fíìmù náà dùn. Bí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ̀rọ̀, àti bí ó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ni ó ń pinnu ìgbẹ̀yìn rẹ̀.

Májẹ̀mú kan wà ní ìlú Jogbo: ẹni tí yóò jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí òun, adé àti ìlù ṣaworoidẹ lè di ọ̀kan. Bí ẹni tí kò gbà á bá dé adé náà tí ìlù sì dún, ikú ni. Lápité kọ̀ láti gbà á, Àyàngalú onílù sì gbé ìlù sá kúrò nílùú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ààfin ti di ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Kọ́lá Oyèwọ̀, tí ó ṣe Lápité, fi èyí hàn dáadáa: àṣẹ àti ìhàlẹ̀ ni ó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìjòyè, tí ó yẹ kí wọ́n gbà á nímọ̀ràn, ń pọ́n ọn lé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan owó àwọn agégẹdú, èdè ààfin a di èdè ọjà.

Adébáyọ̀ Fálétí ni ó ṣe Baba Òpálábá, ẹni tí a ń rò pé oorun ni ó ń sùn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni Òpálábá ń sọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè mú un. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ kejì kò di odindi nínú Lápité.

Ìlù ni ó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, olùgbọ́ ni yóò sì wá ìtumọ̀ tí ó bá àyíká ọ̀rọ̀ náà mu. Lágàta, ọ̀gá ọmọ ogun tí ó pa Lápité tí ó sì gba ìtẹ́, kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ó dé adé, ìlù dún, ó sì kú. Èsì ni ìlù yìí jẹ́ sí kíkọ̀ tí Lápité kọ gbẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Àwọn kan lè sọ pé òwe pọ̀ jù nínú fíìmù náà, pé ó jọ eré orí ìtàgé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: nínú àwọn ìran ààfin, ẹnìkan a máa dúró kí ẹnìkejì sọ tirẹ̀ tán pátápátá. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ òwe Òpálábá kúrò, kò ní sí ìkìlọ̀ tí ọba kọ̀ láti gbọ́, ikú rẹ̀ yóò sì dà bí èèṣì lásán.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi ojú ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀ àwòrán, wọn kò fetí sí ọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ náà lè sọ ohun tí òwe wí. Kò lè gbé ohùn ìlù. Fálétí papò dà ní ọdún 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018. Ó yẹ kí a máa lo Ṣaworoidẹ ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí a ti ń lo ìwé eré-onítàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìwo ìtumọ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó gbọ́.