Lọ́jọ́ Tí Ẹ̀rọ Bá Bàjẹ́

Ọjà ohun èlò fún àwọn tó ń sin iyùn ààyè nínú ilé kún fọ́fọ́. Iná LED tó ń ti orí fóònù yí àwọ̀ padà wà níbẹ̀, pọ́ǹpù tí kì í pariwo wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yẹ omi wò tó sì ń fi èsì ránṣẹ́ sí onílé lẹ́nu iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú owó lápò, iná ló sábà máa ń kọ́kọ́ ná an sí, torí iná ni àlejò yóò rí. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọwọ́ yìí kì í rajà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó béèrè ohun tí ẹ̀rọ kan lè ṣe, wọn a kọ́kọ́ béèrè ohun tí yóò fi ojú iyùn rí lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Hítà ló kọ́ni ní ìbéèrè yìí jù. Omi inú àpótí gíláàsì tí iyùn ń gbé yẹ kó wà láàárín 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí hítà bá kú nínú ilé tó móoru, ńṣe ni omi yóò máa tutù díẹ̀díẹ̀, onílé á sì ráyè wá òmíràn. Èyí tó léwu ni kí irin tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú hítà lẹ̀ mọ́ra wọn, kí iná má lè kú mọ́, kí hítà sì máa se omi lọ nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀jẹ̀ fi máa ń ki hítà 150 wáàtì méjì bọ omi 300 lítà dípò ẹyọ kan tó jẹ́ 300 wáàtì. Bí ọ̀kan bá takú tí kò fẹ́ kú, agbára rẹ̀ nìkan kò tó láti tètè se omi náà. Bí ọ̀kan bá sì dákẹ́, èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so méjèèjì mọ́ àpótí kékeré kan tó ní tẹmọ́mítà tirẹ̀, tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti kọjá ààlà. Àpótí yìí kò rẹwà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, owó rẹ̀ kò sì tó ti iná tuntun rárá. Lójú òǹkọ̀wé yìí, kò sí ohun kan ní ṣọ́ọ̀bù tó níye lórí jù ú lọ.

Ooru ni ọ̀tá iyùn. Ewéko wínníwínní kan ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ó sì ń bù fún iyùn tó gbà á sílé. Bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé ewéko náà jáde, á sì funfun báláú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní Great Barrier Reef ní Australia ní 2016 àti 2017, ìgbóná tó fà á lójú òkun kò sì ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ.

Iyùn tí àwọn ọba àti ìjòyè wa ń fi sọ́rùn yàtọ̀. Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa yẹn ti wá, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ ló fẹ́ràn, kò sì ní ewéko kankan nínú ara. Ti inú àpótí gíláàsì ni ìmọ́lẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún. Síbẹ̀, bí iná bá kú fún ọjọ́ méjì, iyùn kò ní kú, torí lójú òkun pàápàá ìkùukùu máa ń bo oòrùn. Nítorí náà, iná kọ́ ni àkọ́rà. Nígbà tí àyè rẹ̀ bá sì kàn, sùúrù ni. Gílóòbù metal halide 250 tàbí 400 wáàtì tí wọ́n ń lò látijọ́ ń mú omi gbóná débi pé àwọn kan ní láti ra ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù. LED kò jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbé e kọ́, tó sì tàn án dé òpin lọ́jọ́ kan náà, ara iyùn ni yóò bó. Ìmọ́lẹ̀ kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa fi kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Pọ́ǹpù kò fúnni ní àyè ọjọ́ méjì bíi ti iná. Bí omi bá dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tán láàárín wákàtí mélòó kan, ẹja ni yóò sì kọ́kọ́ máa gbé ẹnu sókè. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó kò nílò àlàyé gígùn lórí kí iná lọ lójijì. Ní London, tí iná kì í sábà lọ, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ti í múra sílẹ̀. Pọ́ǹpù kan tó lè fi bátìrì ṣiṣẹ́ sàn ju mẹ́ta tó lágbára tí kò ní bátìrì lọ.

Ní London yìí kan náà, omi fúnra rẹ̀ nílò ẹ̀rọ. Àwọn ilé iṣẹ́ omi ní Britain máa ń fi fọ́sífeètì sínú omi ẹ̀rọ kí òjé inú páìpù àtijọ́ má baà yọ́ sínú ohun tí ará ìlú ń mu. Ó ṣe èèyàn láǹfààní, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ ewé rẹrẹ tó ń bo àpáta iyùn mọ́lẹ̀, ó sì ń dí iyùn lọ́wọ́ láti mọ egungun rẹ̀. Asẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní RO ni wọ́n fi ń yọ fọ́sífeètì náà kí wọ́n tó da iyọ̀ sí omi. Asẹ́ náà kì í bàjẹ́ lójijì, nọ́ńbà orí mítà kékeré ẹnu rẹ̀ á ti máa gòkè kí ewu tó dé.

Iyọ̀ kì í bá omi gbẹ, omi nìkan ló ń gbẹ. Ẹ̀rọ tó ń da omi aláìníyọ̀ padà síbẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kó máa fa omi láti inú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá, kì í ṣe láti inú páìpù ilé. Bó bá ya ìyàkuyà, tó da gbogbo kẹ́ẹ̀gì sínú 300 lítà, iyọ̀ á kúrò ní 35 bọ́ sí nǹkan bí 34 nínú ẹgbẹ̀rún, iyùn á sì fara dà á. Páìpù ilé kò ní òpin.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ni ọba nínú iṣẹ́ yìí. Ní Jakarta, Lee Chin Eng kọ̀wé ní 1961 nípa bí òun ṣe ń fi omi òkun gidi, òkúta inú òkun tí ẹ̀dá ààyè ń gbé inú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ sin iyùn. Òkun wà nítòsí rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe jìnnà sí òkun tó ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ní Horniman Museum ní London, Jamie Craggs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà darí ooru, oòrùn àti òṣùpá àtọwọ́dá yípo ọdún, títí iyùn fi yé ẹyin níwájú wọn ní 2013. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹyin náà fi ń gbó nínú ara iyùn, ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ já wọn kulẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Ní 2019, Florida Aquarium, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, mú kí iyùn òpó ti òkun Atlantic yé ẹyin nínú yàrá ìwádìí. Ohun ìwúrí gbáà ni pé irú ẹ̀rọ tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù onílé ló ṣe iṣẹ́ ńlá yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti tọ́jú owó fún iná tuntun lóṣù yìí, kó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ ra hítà kejì àti àpótí tó ń já iná. Iná ń bẹ lọ́jà, kò ní sá lọ.