Ikú Méjì nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà yọ nínú eré-oníṣe Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), ni pé ìkà a máa ka oníkà. Ẹ̀kọ́ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó. Ìyálóde Ìbàdàn ṣòfin pé ẹrú òun kò gbọdọ̀ lóyún. Nígbà tí Adétutù lóyún, ó ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Òǹkọ̀wé tipa báyìí fi hàn pé obìnrin tí ó dé ipò àṣẹ lè ni obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ikú Ìyálóde fúnra rẹ̀. Nínú eré, májèlé ni ó gbé jẹ lẹ́yìn tí Látòósà ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, Ààrẹ Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì lo àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á lóru ní 1874. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé kò bá Ààrẹ lọ sógun. Bí ìpànìyàn bá di ìpara-ẹni lórí ìtàgé, ẹni tí ó rán apànìyàn bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́.

Òǹkọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìtàn padà. Olùkọ́ ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi eré rọ́pò ìtàn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí ẹni tí ó jẹ̀bi ikú méjèèjì. Ìwà ìkà obìnrin kò sọ pípa á láìṣèdájọ́ di ẹ̀tọ́.