Ta ni Olè, Kí ni Ẹ̀rí? Àgbéyẹ̀wò Eré Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Méjì fún Ọmọdé lórí Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ eré ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí a ṣe fún ọmọdé lórí kọ̀ǹpútà, Where in the World Is Carmen Sandiego? tí ilé-iṣẹ́ Broderbund gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1985 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí. Òkìkí rẹ̀ tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ti bo àwọn eré mìíràn mọ́lẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé méjì nínú àwọn tí òkìkí wọn kò tó bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò: Eagle Eye Mysteries (1993) àti Freddi Fish 3: The Case of the Stolen Conch Shell (1998). Kì í ṣe pé a fẹ́ bá ẹnikẹ́ni polówó ọjà. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni eré kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó jẹ́ kí ó pe ẹnì kan ní olè? Ní èrò tiwa, ibẹ̀ ni a ti lè mọ èyí tí ó kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn dùn.

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ Yorùbá. Àwa tí a ti fi ìwé Kọ́lá Akínlàdé àti ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ́ ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ ọ̀daràn ni ó ń gbé ìtàn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ níyì, bí kò ṣe ọ̀nà tí a gbà tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tí ó ṣí ìwé láti ẹ̀yìn lè mọ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n kò tíì ka ìtàn.

Òṣùwọ̀n wa

Ẹ jẹ́ kí a ti ara eré tí gbogbo ayé mọ̀ mú òṣùwọ̀n. Nínú Carmen Sandiego, olè jí ìṣúra kan, ó sì ń sá láti ìlú dé ìlú. Olobó tí ọmọ ń rí lè jẹ́ àwọ̀ àsíá tàbí orúkọ owó orílẹ̀-èdè kan. Nítorí èyí, wọ́n fi ìwé The World Almanac sínú páálí eré náà kí ọmọ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ wá lójú jù ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ kó àpèjúwe afurasí jọ, bí irun orí rẹ̀, ọkọ̀ tí ó ń gùn àti ohun tí ó fẹ́ràn láti máa ṣe, kí ó tó lè gba ìwé àṣẹ láti mú un. Bí ọmọ bá bá olè náà láìní ìwé àṣẹ, olè yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ tó o, ẹ̀rí ni kò tó. Òṣùwọ̀n tí a ó lò nìyí.

Àwọn ìbejì Eagle àti ìwé àkọsílẹ̀ wọn

Stormfront Studios ni ó ṣe Eagle Eye Mysteries. EA*Kids ni ó gbé e jáde. Ìbejì ni Jake àti Jennifer Eagle, wọ́n sì jọ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ọmọ tí ń ṣeré yóò yan èyí tí yóò bá lọ nínú wọn. Yóò fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò, yóò wo àyíká, ohun tí ó bá rí yóò sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n pè ní TRAVIS. Ní ìparí, ọmọ yóò padà ka àkọsílẹ̀ náà, yóò sì tọ́ka sí ẹni tí ó fura sí.

Iyì eré yìí ni pé inú ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rí wà. Ọmọ tí kò bá fara balẹ̀ kàwé kò lè dá ẹjọ́ náà ire. Yóò gbọ́ tẹnu ẹni àkọ́kọ́, yóò gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, yóò sì fi wé ohun tí ojú rí. Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ń ka TRAVIS ń kọ́ ọgbọ́n kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wàásù fún un.

Ṣùgbọ́n eré náà ní àbùkù méjì. Èkíní, TRAVIS ni ó ń bá ọmọ kọ nǹkan sílẹ̀. Ìpinnu nípa ohun tí ó yẹ ní kíkọ, tí ó jẹ́ ìdajì iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Èkejì, olè kan náà ni ó máa ń wà nídìí ẹjọ́ kan náà. Ẹni tí ó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní ronú mọ́, yóò kàn rántí ni, bí ìgbà tí a ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún ẹni tí ó ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Olè tí ń yí padà

Àbùkù kejì yìí gan-an ni Freddi Fish 3 wá nǹkan ṣe sí. Humongous Entertainment, ilé-iṣẹ́ tí Ron Gilbert àti Shelley Day dá sílẹ̀ ní 1992, ni ó ṣe é. Ẹja ni Freddi àti Luther ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n dé ibi ayẹyẹ, wọ́n bá a pé a ti jí ìkarahun ńlá tí wọ́n fi ń ṣí i, Blenny tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n òbí Luther ni wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn. Nítorí náà, kì í ṣe wíwá olè nìkan ni iṣẹ́ ọmọ. Ó tún ní láti gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ eré náà lákọ̀tun, olè lè yí padà.

Ọmọ ọdún méje kan nínú ilé wa ṣe é dé òpin ní ọjọ́ Sátidé kan. Ní ọjọ́ kejì ó pe àbúrò rẹ̀ jókòó, ó ní òun ti mọ olè, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Nígbà tí wọ́n dé òpin, ẹlòmíràn ni. Inú bí i, ó ní ẹ̀rọ náà ń purọ́. Ó ṣe díẹ̀, ó béèrè pé, "Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n?" A kì í sábà gbọ́ ìbéèrè tí ó dára ju èyí lọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́.

Ó ṣe ni láàánú pé eré náà fúnra rẹ̀ kò dá a lóhùn dáadáa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọmọ ni kí ó rí nǹkan kan kí ó fi gba òmíràn. Ọmọ tí ó bá ń tẹ gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà lè dé òpin láìronú rárá. Ẹnì kan lè sọ pé ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà ni wọ́n ṣe é fún, ohùn ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀, kí a má ka iye sí i lọ́rùn. A gbà pé ọmọdé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún tí a ń pa àlọ́ Ìjàpá fún máa ń béèrè pé, "Kí ló dé?" Bí ó bá lè bèèrè, a lè bi òun náà.

Ohun tí ó kan àwa olùkọ́

Bí a bá ní kí a yan ọ̀kan, Freddi Fish 3 dùn jù, ṣùgbọ́n Eagle Eye Mysteries ni a ó mú, nítorí pé ó mú kí ọmọ ka ọ̀rọ̀ kí ó tó dá ẹjọ́. Èyí tí a ṣì ń retí ni eré tí yóò pa ìwà àwọn méjèèjì pọ̀: kí olè máa yí padà, kí ọmọ sì máa sọ ìdí.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa náà wò. Nígbà tí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò pé ta ni ọ̀daràn inú ìwé kan, ìbéèrè olè-kò-yí-padà ni a bi í. Ẹni tí ó há àkékúrú ìtàn sórí yóò gba máàkì tí ẹni tí ó ka ìwé gbà. Ìbá sàn kí a ní kí ó dárúkọ afurasí méjì, kí ó sọ ohun tí ó mú kí a fura sí wọn, àti ẹ̀rí tí ó dá ọ̀kan nínú wọn láre. Bákan náà, olùkọ́ tí ọmọ iléèwé rẹ̀ bá ń ṣe irú eré wọ̀nyí lè ní kí ó ro ẹjọ́ náà ní Yorùbá níwájú kíláàsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe é; èdè abínibí rẹ̀ ni yóò fi ṣe àlàyé. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ìfura àti ẹ̀rí, láàrin ẹ̀sùn àti ẹ̀bi.

Àsọkágbá

Kì í ṣe inú eré nìkan ni wọ́n ti ń fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ láti béèrè ẹ̀rí kí ó tó pe Blenny ní olè ni a lè retí pé yóò béèrè ẹ̀rí ní ọjọ́ tí èrò bá pagbo yí ẹnì kan ká ní ọjà, tí wọ́n ń pariwo olè.