Àwo Orin Gẹ́gẹ́ Bí Àká Ewì

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò tí ì rí àwo orin, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn bá a mu rẹ́gí. Àwo orin àtijọ́ kì í ṣe ike. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ni a pò mọ́ lúbúlúbú òkúta láti fi ṣe é, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, a fọ́ bí ìkòkò amọ̀. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni a gba ohùn Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, nígbà tí ó kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá. Òun náà ni Túndé King fi gbé orin jùjú jáde ní 1936.

Ẹni tí ń kó àwo jọ kì í ṣe aláfẹ́ lásán. Olùtọ́jú ewì ni. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ní ìmọ̀ nínú, nítorí àkójọ tí kò pé a máa ṣi olùgbọ́ lọ́nà bí ìwé tí a ti fa ojú ewé rẹ̀ ya.

Ẹ̀rí èyí hàn nínú iṣẹ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó kú ní 1983. Àwọn tí ó gbọ́ àwo ńlá rẹ̀ nìkan a máa sọ pé oríkì olówó ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ó sì ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọn kò ro ti àwo mọ́ ọn. Nígbà tí ó gbé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1948, àwo tí ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan ni ó wà lóde nílẹ̀ wa, ojú kan rẹ̀ kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Olórin tí ó lè kọrin mọ́jú lóde àríyá ní láti dá orin, kí ó ki ẹni tí ó fẹ́ kì, kí ó pa òwe, kí ó sì gbé e fún àwọn ẹlẹ́gbè, kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín àwo. Nígbà mìíràn, a ní láti yí àwo padà kí a tó gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀.

Ní 1948 yìí kan náà ni àwo onígbà 33 jáde ní Amẹ́ríkà, tí ojú kan rẹ̀ gbà ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí Hárúnà fi máa ṣe Oroki Social Club ní 1971, àyè ti gbòòrò fún un. Ìlù rí àyè fọhùn, oríkì rí àyè nà tàntàn, orúkọ ń tẹ̀ lé orúkọ. Èrè wà níbẹ̀, àdánù náà sì wà. Nínú àwo kékeré, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó lè jókòó lásán. Nínú àwo ńlá, a máa ń pàdé èyí tí ó jókòó. Ẹni tí ó bá ní méjèèjì nìkan ni ó lè mọ èyí tí ó ti ọwọ́ akéwì wá àti èyí tí ó ti ara àwo wá.

Àwọn kan ní bí a bá ti gbé orin sínú kọ̀ǹpútà, kí a da àwo nù. Ìmọ̀ràn yìí kò dára. Orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ḿbà àwo, àti irú orin tí ó jẹ́ ni a máa ń tẹ̀ sí àárín àwo, nọ́ḿbà yìí sì ni olùwádìí fi ń to orin léra nígbà tí a kò bá kọ ọdún sí i. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ipa tí a gbẹ́ sára àwo onígbà 78 fẹ̀ ju ti àwo ike lọ. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú, abẹ́rẹ́ náà yóò máa wọ́ nísàlẹ̀ ipa, ariwo ni yóò sì kó wá. Bí a bá ti ṣì í gbà bẹ́ẹ̀, tí a sì ti da àwo nù, kí ni a óò fi tún un gbà?

Ìtọ́jú àwo kò le. Kí a gbé e dúró ṣánṣán, kí ó má ṣe dùbúlẹ̀ léra wọn, kí ó má sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí oòrùn má ṣe bà á, nítorí ooru a máa mú kí àwo ike wọ́. Etí rẹ̀ ni kí a máa fi ọwọ́ mú, kí a sì nu eruku ọyẹ́ kúrò kí abẹ́rẹ́ tó bà á. Ní ìgbà òjò, kí a máa yẹ àpò rẹ̀ wò, kí ó má baà bu. Kí a sì mọ irú àwo kí a tó fọ̀ ọ́: sìpírítì a máa jẹ àwo oje.

Ní ìkẹyìn, kí olówó àwo kọ orúkọ olórin, ilé-iṣẹ́ àti nọ́ḿbà sínú ìwé, kí ó sì fi ibi tí ìwé náà wà han àwọn ará ilé rẹ̀. Àkójọ tí kò ní ìwé, ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá kú ni ó ń di ẹrù àkìtàn.